Ẹ̀rí-Dà, Ìyá Tó Máa Ń Yẹ Omi Wò Kí Wọ́n Tó Mu Ún

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta ọdún 1945, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe aago, ni a bí ìyá wa, olóògbé tí ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ péjọ lónìí láti sìn dé ilé ìkẹyìn. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ló ń tún aago ṣe níbẹ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó gbà pé kò sí nǹkan tó bàjẹ́ tí ènìyàn kò ní rí ìdí rẹ̀ bí ó bá fara balẹ̀ tú u. Ìyá tó bí wọn ń ránṣọ lábẹ́ fèrèsé yàrá kan náà. Ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n láti ìran dé ìran. Ohun tí wọ́n bá tún ṣe kì í tún padà wá.

Awò kékeré tí bàbá wọn máa ń fi sójú tún aago ni ohun ìṣeré àkọ́kọ́ tí Màmá ní. Wọ́n fi wo ẹsẹ̀ èèrà, wọ́n fi wo iyọ̀, wọ́n fi wo inú imú àbúrò wọn títí àbúrò náà fi figbe ta. Nígbà tí ìyá àgbà kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá gbé kóró ọsàn mì, igi ọsàn ni yóò hù níkùn rẹ̀, Màmá mọ̀ọ́mọ̀ gbé kóró kan mì. Wọ́n dúró títí, wọ́n ń fọwọ́ tẹ ikùn láràárọ̀. Nígbà tí igi kò hù, wọ́n lọ bá ìyá àgbà lórí àga, wọ́n ní, “Ìyá àgbà, ẹ̀rí dà?” Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀rí-Dà ni wọ́n ń pè wọ́n nílé, Ẹ̀rí-Dà náà ni wọ́n ń pè wọ́n níta, orúkọ náà sì bá wọn dọ́jọ́ alẹ́.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951. Wọ́n tẹ̀síwájú sí ilé ẹ̀kọ́ girama ti àwọn ọmọbìnrin, níbi tí olùkọ́ kan ti sọ fún wọn pé kẹ́mísírì kò yẹ obìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá ti mọ ohun tí wọ́n bi olùkọ́ náà. Ní yunifásítì, àwọn nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì wọn, wọ́n sì gboyè jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba gbà wọ́n sí yàrá àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi, oúnjẹ àti oògùn wò fún àwọn ilé ìwòsàn àti fún kóòtù.

Yàrá gígùn ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá, ẹ̀rọ omi kan tí kì í yé kán sì wà ní igun rẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá ti ń fọ ìgò fúnra wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a gba ẹni tó ń fọ ìgò síṣẹ́. Òfin wọn kò yí padà: omi tí o fẹ́ bù gan-an ni kí o fi ṣan ìgò náà kẹ́yìn, ìgò tí o kò bá sì mọ ìtàn rẹ̀, má bu nǹkan kan sí i. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ìgò a máa rántí. O lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí yóò fi dán, ó lè má tíì gbàgbé.

Òdìkejì títì ni àgọ́ ọlọ́pàá wà, níbi tí Bàbá wa ti jẹ́ sájẹ́ǹtì. Bọ́tìnì-Ń-Dán ni àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí pé ènìyàn lè fi bọ́tìnì aṣọ wọn ṣe dígí ya irun. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi omi ìdánbọ́tìnì nù ún, oògùn kan tó máa ń ta ni nímú, tí wọ́n ń bù láti inú agolo ńlá sínú ìgò kékeré kan tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọdún 1971, Bàbá gbé ọtí kan tí wọ́n fura sí wá fún àyẹ̀wò. Màmá kò gbà á, nítorí pé ìgò náà kò ní èdìdì. “Sájẹ́ǹtì, ta ló mọ̀ bóyá ẹ ti tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà?” Bàbá padà lọ fi ìda dí i lẹ́nu. Màmá tún dá a padà, nítorí pé kò sí ìfọwọ́sí lórí ìda náà. Àwọn ọlọ́pàá fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá yí ìgò náà wò yíká, wọ́n ní, “Iṣẹ́ yín ti ń dára.” Bàbá ti sọ fún wa pé ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn bàjẹ́ pátápátá.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n gbé wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n gbé omi òjò wá. Wọ́n gbé ààbọ̀ búrẹ́dì wá, wọ́n ní àwọn fura sí i. Màmá dá wọn lóhùn pé, “Búrẹ́dì yìí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹni tó gbé e wá ni mo fura sí.” Níkẹyìn, lẹ́nu géètì, Bàbá sọ ọ́ jáde pé àwọn fẹ́ràn Màmá dénúdénú. Màmá ní, “Ẹ̀rí dà?” Bàbá ní, “Màá mú un wá.” Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa mú wá. Wọ́n gbé òdòdó wá, Màmá sì sọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe òdòdó náà fún wọn, wọ́n bu omi sí i. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi di ọdún 1973, ẹbí ti mọ ẹbí, a sì ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kànga dé. Nínú ọgbà kan tí àwọn ayálégbé ti ń lo kànga kan ṣoṣo, àwọn ọmọdé kan ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ń bì, inú ń run wọ́n. Káfíńtà kan ń gbé inú ọgbà náà, òun àti onílé sì ti ń jà tipẹ́. Ó ti fi ìbínú sọ rí pé ojú gbogbo wọn yóò rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ará ilé rántí. Bàbá mú káfíńtà, wọ́n sì fẹ́ bu omi kànga náà lọ fún àyẹ̀wò kíákíá. Kò sí ìgò nítòsí àfi ìgò ìdánbọ́tìnì. Bàbá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n bu omi sí i, wọ́n fi ìda dí i, wọ́n fọwọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ pé bí Màmá ti kọ́ wọn. Wọn kò gbé ìgò tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ wá rí.

Màmá yẹ omi náà wò, wọ́n bá amóníà nínú rẹ̀, oògùn líle tí kò yẹ kó sí nínú omi mímu, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí. Káfíńtà wà látìmọ́lé. Ọ̀gá àgọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé sájẹ́ǹtì yóò di ìsípẹ́kítọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn Màmá kò balẹ̀. Kí amóníà tó lè tó bẹ́ẹ̀ nínú kànga, àgbá ńlá ni ènìyàn yóò dà sí i, kò sì sí ẹni tó gbọ́ òórùn kankan. Àwọn àgbàlagbà inú ọgbà ń mu omi kan náà, ara wọn le koko. Màmá kó ìgò tiwọn, wọ́n lọ sídìí kànga fúnra wọn. Omi náà mọ́. Wọ́n padà síbi iṣẹ́, wọ́n mú ìdérí ìgò Sájẹ́ǹtì, wọ́n gbé e símú, wọ́n sì jókòó. Wọ́n mọ òórùn náà. Òun ló máa ń ṣáájú Bàbá wọlé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá, òórùn tí Màmá ti ń retí lọ́kàn wọn láràárọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú yàrá àyẹ̀wò.

“Ìgò wo lẹ fi bu omi yẹn?” Màmá bi wọ́n.

“Ìgò mi ni. Mo fọ̀ ọ́, ó mọ́ nigínnigín.”

“Kò mọ́. Amóníà inú omi ìdánbọ́tìnì yín ni mo rí. Màá sọ ọ́ ní kóòtù.”

Bàbá ní, “Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya ló fẹ́ já mi kulẹ̀ lójú gbogbo ayé? Ṣé o mọ̀ pé wọ́n lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́?”

“Mo mọ̀,” Màmá ní. “Káfíńtà náà níyàwó nílé.”

Bàbá dé fìlà, wọ́n sọdá títì, wọn kò dágbére. Ìyá Màmá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́, pé ọkọ gidi kò sí lórí àtẹ. Màmá sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn, ẹkún tí àwa ọmọ kò gbọ́ nípa rẹ̀ títí a fi dàgbà. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ẹ̀wọ̀n aláìṣẹ̀ ra ilé ọkọ.

Ní kóòtù, Màmá sọ pé kànga náà mọ́, àti pé nǹkan mìíràn ti wà nínú ìgò kí omi tó débẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. Ó ní kànga lè ti mọ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Ó bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ ohun tó wà nínú ìgò tẹ́lẹ̀. Màmá ní àwọn gbọ́ òórùn rẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò náà, tí kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n nílé rárá, wá ní, “Màdáámù, ẹ̀rí dà?”

Màmá kò ní ẹ̀rí. Òórùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé ka iwájú adájọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ìtàn ìgò náà jókòó láàárín àwọn ọlọ́pàá, kò sì sí ẹni tó pè é. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, ìsípẹ́kítọ̀ ni. Bàbá dìde.

“Olúwa mi, ìgò mi ni. Omi ìdánbọ́tìnì ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, mo rò pé ó mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ.”

Káfíńtà sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà wá rí i lẹ́yìn náà pé ẹja inú agolo tó ti bàjẹ́ ni àwọn ọmọ náà pín jẹ. Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá já ilà ipò kan kúrò lápá aṣọ Bàbá. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò, wọn kò gbé nǹkan kan dání, ojú abẹ́rẹ́ níbi tí ilà náà ti ṣí ṣì hàn lápá aṣọ wọn. Màmá gbé àga fún wọn. Wọ́n ní, “Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ ti mú un wá.”

Wọ́n ṣègbéyàwó nínú oṣù kẹrin ọdún 1974. Tábìlì tí káfíńtà náà kàn fún wọn wà nílé di òní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú díẹ̀, Màmá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni Bàbá ti ń bu omi sínú ife gíláàsì fún Màmá kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó sọ̀rọ̀. Màmá yóò gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n á yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, wọ́n á ní, “Ìgò wo lẹ fi bù ú?” Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, wọ́n á mu ún. A dàgbà bá a bẹ́ẹ̀. A rò pé bí gbogbo ìyá ṣe ń mu omi nìyẹn.

Ọ̀daràn kò lè là nínú ilé wa: Bàbá a mú wa, Màmá a yẹ wá wò. Ẹni tó bá ní òun ti wẹ̀, kànìnkànìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kàn. Màmá di ọ̀gá àgbà yàrá àyẹ̀wò ní ọdún 1989, wọ́n sì fẹ̀yìntì ní ọdún 2005. Bàbá pẹ́ kí wọ́n tó di ìsípẹ́kítọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dé ibẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tuntun kan tí wọn kò mú sọdá títì lọ bá Màmá kọ́ bí a ṣe ń fọ ìgò. Màmá jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ní kí ilé ìjọsìn máa fọ tánkì omi kí wọ́n tó gbàdúrà sí i. Nígbà tí ẹnì kan fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀rí Ọlọ́run dà, wọ́n ní àwọn ti ń kó o jọ láti kékeré, kò tíì tán. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìntì, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní sáyẹ́ǹsì nínú gáréèjì wa, wọ́n sì ń rọ àwọn onílé títí wọ́n fi ń dé kànga wọn.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dá wọn dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, Bàbá ń gbé omi láti ilé lọ láràárọ̀. Màmá ṣì ń gbé ife náà síbi fèrèsé. Ní àárọ̀ tó kẹ́yìn, nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n gba omi náà, wọ́n mu ún láìwò ó. Bàbá dúró, wọ́n ń retí ìbéèrè. Nígbà tí kò dé, wọ́n ní, “O ò bi mí léèrè ìgò?”

Màmá ní, “Mo mọ ìtàn ìgò yẹn.”

Wọ́n sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọn kò sì jí mọ́, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Màmá fi Bàbá wa sáyé lọ, ọkọ wọn àtàtà. Wọ́n fi àwa ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: olùkọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan, àti àbíkẹ́yìn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe bíi bàbá àgbà rẹ̀. Wọ́n fi àbúrò kan sílẹ̀, ẹni tí wọ́n fi awò wo imú rẹ̀ lọ́jọ́sí, àti ọmọ-ọmọ mẹ́fà, tí èyí tó kéré jù nínú wọn ti ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀rí-Dà, ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀ sinmi. Bàbá tún bu omi láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé e ka orí tábìlì káfíńtà, lápá ibi tí ẹ máa ń jókòó. A gbé e sókè síbi fèrèsé, a bá yín wò ó. Ó mọ́.