Ọpẹ́dayọ̀ Tí Wọ́n Sọ Di Obidayu

Ọpẹ́dayọ̀, okun o! Ọdún mẹ́ta rèé tí àjò gbé ọ mì. Ọmọ Kàbà! Ọmọ Màmá! A kò ní sọ pé kí o sùn-un re. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sin, báwo ni yóò ṣe sùn?

Ìdùnnúolúwa ọmọ rẹ, tó ń rákò nígbà tí o lọ, ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ Títílọpẹ́ ló ń kọ́ ọ. Bí ọmọ náà bá fo àmì kan ṣoṣo, á ní kó tún un kọ. Priscilla ìyàwó rẹ ní ó ti le jù, pé ọmọdé ni. Títílọpẹ́ wo ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá rẹ̀ ńkọ́?" Priscilla fúnra rẹ̀ ló tún ìwé náà ṣí fún ọmọ.

Ilé tí o bẹ̀rẹ̀ lọ́nà Odo-Ape, a ti kan òrùlé rẹ̀. Yàrá rẹ wà níbẹ̀.

Ìwọ mọ bí o ṣe kú. Àwa ò tètè mọ̀. Bámigbóyè tó wá bá ọ nílé, tó jẹ iyán Màmá, tó ní òun yóò fi ọ́ ṣe awakọ̀ nílẹ̀ Lárúbáwá, tó fi Bíbélì búra pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, òun ni yóò mú ọ padà wálé, òun náà ló wá sọ fún wa pé o sá kúrò níbi iṣẹ́. Ó ní ó lè jẹ́ pé o ti fẹ́ ìyàwó mìíràn síbẹ̀. Odidi ọdún kan ni Priscilla fi gbé ìtìjú yẹn kiri ọjà!

Àfi ìgbà tí Lois dé. Lois ọmọ ìlú Ìyàmoyè, tó ń tọ́jú ilé nínú ọgbà tí o ti ń wakọ̀. Ó jókòó ti Títílọpẹ́ lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìnkùlé, ó tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní àyà ló gbé ọ ṣubú nínú oòrùn, pé òun ló tẹ̀lé ọ dé ilé ìwòsàn. Ó ní ìkọ̀wé Lárúbáwá ò ní p, b ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Kò ní ẹ, kò ní ọ. Wọ́n kọ ọ́ bí ahọ́n wọn ṣe gbé e. Nígbà tí wọ́n tún dá a padà sí ìkọ̀wé òyìnbó, Ọpẹ́dayọ̀ ti di Obidayu. Obidayu! Ọpẹ́ wa tó dayọ̀! Kí ni ń jẹ́ Obidayu?

Lójú Lois ni wọ́n ṣe pe Bámigbóyè lórí fóònù nígbà tí o kú tán. Wọ́n ní ta ni yóò gba òkú Obidayu. Ó ní, "Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Lois já fóònù gbà, ó pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, Ọpẹ́dayọ̀ ni! Ọpẹ́dayọ̀ ará Kàbà tí ẹ rán wá ni!" Bámigbóyè tún ní, "Mo ní mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó sì pa fóònù.

Títílọpẹ́ ò sunkún lọ́jọ́ náà. Ohun kan ló béèrè: "Bámigbóyè ńkọ́? Báwo ni wọn yóò ṣe kọ tirẹ̀ lọ́hùn-ún?"

Lois rò ó. "Wọn ò ní gb náà. Bamibuyi ni yóò dà."

Ibẹ̀ ni ẹ̀san ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò! Láti ọjọ́ kejì, Bamibuyi ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè é. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Bamibuyi. Lọ́jà, Bamibuyi, ẹni tó bá sì béèrè ìdí, á rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà gbà á. Àwọn ọmọ iléèwé fi kọrin. Ọkùnrin náà fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ọlọ́pàá bi í pé, "Àbí ẹ̀yin ni Bamibuyi?"

Nígbà tí oyè àdúgbò wá fẹ́ kàn án, tó ti rán aṣọ, Títílọpẹ́ mú Lois lọ bá àwọn àgbà. Lois rojọ́ lójú Bámigbóyè fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà ní wàhálà gbígbé òkú wálé ló ba òun lẹ́rù. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá ní, "Ta ni wọ́n ní kó wá joyè?"

Wọ́n ní Bámigbóyè.

"A ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó dìde. Gbogbo wọn sì tẹ̀lé e.

Ó ti kó lọ sí Lọ́kọ́ja. Wọ́n ní orúkọ náà bá a débẹ̀!

Pásítọ̀ wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó dárí jì í. Ó ṣe àmín sí gbogbo àdúrà; nígbà tó kan ti ìdáríjì, ó pa ẹnu dé. A ò bá a wí. Ibojì rẹ ṣì ń jẹ́ Obidayu lọ́hùn-ún, ọwọ́ wa ò sì tó o.

Lówùúrọ̀ òní, Màmá jáde síta, ó pè ọ́ bó ṣe máa ń pè ọ́ wá jẹun. Títílọpẹ́ dá a lóhùn láti inú ilé: "Mà á!" Màmá mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Máa bọ̀ o, ọkọ mi, oúnjẹ ń tutù."

Ọmọ wa, a nífẹ̀ẹ́ rẹ. Àárò rẹ ń sọ wá, lójoojúmọ́.