Alága Ò Fẹ́ Àga Mọ́

Àtàlátà, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025
Èmi Àṣírù ni mò ń sọ, Mubarakah ọmọ mi ló ń kọ. N kò mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ọkọ́ ló fi lé mi lọ́wọ́. Mo ti kìlọ̀ fún Mubarakah: kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi ẹnu tíṣà tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ó di ọdún kejì tí n kò fi iwájú orí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ara ti wúwo ju orúnkún lọ. Orí àga ni mo ti ń kírun. Síkírù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ló sọ mí ní Alága, gbogbo ìlà wa sì ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Alága, ṣé kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀?" Èmi náà ní orúkọ fún un: Agbádá-bò-ó. Ikùn tó wà lábẹ́ agbádá ọkùnrin yẹn, Ọlọ́hun nìkan ló mọ bó ṣe tó.

Mubarakah ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń mú ara fúyẹ́. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fúnni, kì í sì í kọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Èèyàn á kọ́kọ́ yege. Ìdánwò! Èmi tí n kò jókòó ní kíláàsì rí.

Àlàmísì, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà
Mo fìdí rẹmi.

Nọ́ọ̀sì Déọlá gbé mi sórí ìwọ̀n. Ó ní kí n bọ́ bàtà, mo bọ́ ọ. Ó ní kí n ṣí fìlà. Mo ní rárá. Bàbá mi kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni, èmi náà kì í ṣí i. Gọ̀bì ni — Mubarakah ti fi sítáàṣì sí i, ó dúró ṣánṣán. Déọlá bẹ̀ mí títí, ó sú u. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn gíga wálẹ̀ lé fìlà lórí.

Dókítà Moyinolúwa, ọmọ Èkìtì, fi ìwúwo mi wé gíga mi. Ó ní iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọgbọ̀n. Tèmi kò dé e. Ká ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ì bá gbà á bẹ́ẹ̀. N kò ní ìkankan. Ara mi le jù!

"Bàbá, ẹ ò tíì sanra tó. Ẹ ga ni."

Mo ga! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, Àṣírù Kúkúrú ni mò ń jẹ́. Inú bí mi. Inú mi tún dùn díẹ̀. Mubarakah, má kọ ìyẹn — ó ti kọ ọ́.

Jímọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà
Síkírù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Alága ò sanra tó! Lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ sí i, kí wọ́n lè fún ọ ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí o jẹ ìkọ́kọrẹ́."

Àwàdà ló pè é. Mo rò ó wò.

Láádì, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà
Ìkọ́kọrẹ́ láàárọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ lálẹ́. Mubarakah ń kọ, ojú rẹ̀ le koko.

Àtìní, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà
Inú ń kùn, orúnkún ń ro mí. Ó tó. Òmùgọ̀ ni Síkírù. Èmi tí mo gbọ́ tirẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀.

Àlàrùba, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà
Mo lọ sí Ibefun, lọ wo ilé bàbá mi. Ilé amọ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó wọn àtẹ́rígbà mọ́ orí ara rẹ̀, gíga kan náà sì ni èmi àti òun.

Bí mo ṣe ń wọlé, àtẹ́rígbà gba fìlà mi. Ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Orí mi kọjá, kò kan nǹkan kan.

Mo dúró. Mo wo fìlà nílẹ̀. Mo wo òkè.

Fìlà ló ga. Èmi kọ́.

Nǹkan mìíràn wá sí mi lọ́kàn: bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà yìí, ọkọ́ léjìká, ọwọ́ kan lórí fìlà, ó ń ṣí i kó tó wọlé. Ojoojúmọ́! Ẹni tí kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni ń ṣí i fún ilẹ̀kùn ara rẹ̀.

Kí n ga lórí àga, tàbí kí n kúrú kí n fi orí kanlẹ̀? Mo fi ọwọ́ mú fìlà délé.

Àlàmísì, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà
Mo ṣí i. Apárí mi ń dán. Déọlá ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Mo ní kó tètè wọ̀n mí kí n tó yí ọkàn padà. Irin náà tutù.

Ìwúwo kò yí padà. Gíga ló yí. Dókítà wo ìwé, ó wò mí. "Bàbá, ẹ ti kúrú!"

Mo ní bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Ó kọjá ọgbọ̀n. Ó kọ abẹ́rẹ́ náà fún mi. Ó ní inú lè máa rìn mí, kí n máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kí n máa rìn kí iṣan ẹsẹ̀ má bàa rọ. Mubarakah, fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́: MO YEGE.

Jímọ̀, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà
Inú ń rìn mí lóòótọ́. Gaàrí díẹ̀, mo ti yó. Mubarakah ní ṣé ká dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Mo ní kó lọ bi àga yẹn.

Àtàlátà, 28 Òkítóbà
Okùn ṣòkòtò ń wá ikùn tó máa dì mọ́.

Jímọ̀, 19 Disẹ́ńbà
N kò wo ọ̀nà àga lónìí. Mo dúró sínú ìlà. Mo tẹ̀. Mo kúnlẹ̀, orúnkún ké díẹ̀, mo ní kó dákẹ́. Iwájú orí mi kan ẹní.

N kò mọ ohun tí mo sọ níbẹ̀. Ọlọ́hun gbọ́ ọ.

Nígbà tí a sálámà, tí ìrun parí, mo bojú wẹ̀yìn. Àga kò ṣófo. Síkírù ló wà lórí rẹ̀, agbádá rẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Orúnkún ti mú òun náà.

"Alága," ni mo pè é. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Ó bá mi níbi tí a ń bọ́ bàtà sí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àṣírù, dókítà ọmọ Èkìtì yẹn, ọjọ́ wo ló máa ń wà níbẹ̀?"

"Àlàmísì," ni mo wí. "Bí o bá ń lọ, fi fìlà sílé."