Sídì Méje Tí Ẹ Kọ́ Wa Láti Fi Lé Owó Gbàǹjo

Ẹ kú ilé o, Ìyá wa. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìfaradà orúnkún yín. Èmi Ráfátù ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Accra. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Mùsílíù, àkọ́bí yín, tí wọn kò fi yín sílẹ̀. Mo kí ìyàwó wọn tó ń gbé omi ìwẹ̀ fún yín láràárọ̀. Mo kí àwọn àbúrò bàbá wa nínú agboolé, mo kí ará ẹ̀yìnkùlé. Ṣé ẹ ń rí òróró ìpara tí mo fi rán awakọ̀ lò? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa bá yín lò ó tán.

Mo mọ̀ pé ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ni yóò ka lẹ́tà yìí fún yín. Ìyàwó wa, mo bẹ̀ ọ́, má fo ibì kankan, má sì fi ohùn dídùn bo ibi tó bá korò. Mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀fà ń pín níbí, nítorí Sìdíkátù àbúrò mi ti ro tirẹ̀ kiri láti Lapaz dé ọjà Makola, àwọn tó gbọ́ ọ sì ń wò mí bí ẹni tó ja ọmọ òrukàn lólè. Kí tèmi náà wà nílẹ̀.

Ìyá, ọṣẹ àti mílíìkì inú agolo ni ẹ mọ̀ mí mọ́. Ẹ kò mọ̀ dáadáa bí mo ṣe bọ́ sídìí àga, torí lórí fóònù mo kàn máa ń sọ pé ọjà ń lọ. Àga méjì kan ni mo rà ní ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ obìnrin tó ń bá òyìnbó kan tọ́jú ilé, kí n lè rí ibi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, mo tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọn kò ní lè gbé mi. Ọkùnrin kan wá ra ọṣẹ lọ́jọ́ kan. Kò ra ọṣẹ mọ́. Ó dojú ọ̀kan nínú àga náà délẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ títí, ó sì san owó kan fún mi lórí rẹ̀ tó ju èrè ọṣẹ oṣù mẹ́ta lọ. Bí ó ṣe ń gbé e jáde ni mo ti mọ̀ pé ó rẹ́ mi jẹ, torí kò dúnàádúrà rárá.

Mo gbé èkejì lọ bá Àtáà Kwei, káfíńtà àgbàlagbà kan ní Adabraka. Àtáà ni àwọn Gã máa ń pe ẹni tó bá tó bàbá wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ó ní òun kò rò pé ẹnì kan lè rẹ́ Alata jẹ láyé yìí. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Ó wá fi hàn mí. Ó ní àwọn àga yìí, àwọn gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Denmark ló ṣe wọ́n ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn òyìnbó tó wá ṣiṣẹ́ níbí ló kó wọn wá, tí wọ́n bá sì ń lọ, wọn kì í kó wọn padà. Wọ́n á lu gbogbo ẹrù ilé ní gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ya fọ́tò ẹrù náà kò mọ ohun tó ń yà. Yóò kàn kọ ọ́ pé àga onígi, ó ti gbó díẹ̀.

Ibẹ̀ ni oúnjẹ mi wà. Ìwé mẹ́fà tí mo kà kò gbé mi dé ibi òyìnbó gígùn, ṣùgbọ́n fọ́tò kò ní gírámà. Mo máa ń bẹ wọ́n kí wọ́n ya abẹ́ àga ránṣẹ́ sí mi. Òǹtẹ̀ ojúlówó, irin gbígbóná ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sára igi, ẹ̀gbẹ́ kan máa ń jìn ju ìkejì lọ nítorí ọwọ́ ènìyàn ni. Ṣúkúrù ìgbà yẹn, ilà kan ló wà lórí rẹ̀, orí rẹ̀ á sì ti dúdú. Mo ra èyí tí wọ́n pè ní àga ọgbà. Mo ra èyí tí wọ́n ti kun ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, Àtáà Kwei sì fi ọ̀sẹ̀ kan họ ọ̀dà náà kúrò. Obìnrin kan tó ń ṣe ilé àwọn olówó lọ́ṣọ̀ọ́ ní East Legon ló ń rà wọ́n lọ́wọ́ mi. Kì í béèrè ibi tí mo ti rí wọn, èmi náà kì í sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń ná an, Ìyá. Ẹ rántí gbàǹjo ìtòsí rélùwéè, nígbà tí ẹ máa ń mú èmi àti Sìdíkátù dání láti lọ ra ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì onírin. Ẹ ní iye tó gún ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wò, ibẹ̀ sì ni àyà wọn ti ń já. Ẹ ní kí a máa fi nǹkan kékeré lé e. Méje lẹ máa ń fi lé e, ẹ kì í fi mẹ́fà, ẹ kì í fi mẹ́jọ. Mo béèrè ìdí, ẹ ní ọmọ méje lẹ bí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa mẹ́ta ló kù, ẹ kò ní yé ka àwọn mẹ́rin yòókù. Mo ti ná àga tó yẹ ọba òyìnbó ní ẹgbẹ̀ta sídì ó lé méje, mo sì rí i rà, torí ẹni tó tẹ̀lé mi dúró ní ẹgbẹ̀ta géérégé.

Nígbà tí ọkọ Sìdíkátù lé e jáde, ẹ sunkún sí mi létí. Mo ní kó máa bọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló sùn fún ọdún kan ààbọ̀. Mo kọ́ ọ ní ọjà ọṣẹ, mo gba ìsọ̀ fún un ní Lapaz. N kò ṣe é bí ẹni tó ń ṣoore. Inú mi dùn. Twi ni àwọn ọmọ mi fi ń dá mi lóhùn, wọ́n gbọ́ Yorùbá mi ṣùgbọ́n ó ń tì wọ́n lójú láti sọ ọ́. Tí ọyẹ́ bá mú, tí ètè bá ń bẹ́, kò sí ẹni tí mo lè bá ṣe ẹ̀fẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń fi òrí pa wá lára bí ìgbà tí ẹ ń fọ ìkòkò, àfi Sìdíkátù. Ẹ̀rín yẹn ni mo rà, mo sì san án pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo fi abẹ́ àga hàn án.

Àwọn obìnrin wa ní Makola ní ìṣe kan. Tí ọmọ ìlú rẹ bá di ọjà mú tó ń ná an, wàá ká ọwọ́ gbera títí yóò fi gbé e sílẹ̀. Àwọn tó ń bá ara wọn jà gan-an ń pa á mọ́. N kò sọ ọ́ fún Sìdíkátù, torí ta ni í kọ́ àbúrò rẹ̀ pé kó má ja òun lólè?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ mi. Orúkọ kì í hàn nínú gbàǹjo orí fóònù, iye owó nìkan là ń rí. Àga mẹ́ta bọ́, tábìlì kan bọ́, gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ wo iye tí wọ́n fi gbà á ni ara mi tutù. Ẹgbẹ̀rin ó lé méje. Ẹgbẹ̀fà ó lé méje. Mo gbé fóònù náà kalẹ̀ lórí páálí ọṣẹ, mo sì ń wò ó bí ẹni tó gbọ́ ohùn yín nínú ilé ẹni tí kò mọ̀ yín rí.

Mo rọra bi Sìdíkátù bóyá ó ń wo gbàǹjo. Ó ní òun kò ráyè irú ìyẹn, pé ọṣẹ ń da òun láàmú. Ó wá bù nínú ẹ̀bà mi, ó jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, wọ́n gbé àga ìjẹun mẹ́fà jáde. Mo ti rí fọ́tò abẹ́ wọn. Ṣúkúrù wọn ń dán, ilà méjì ló wà lórí rẹ̀ bí àmì ìròpọ̀, òǹtẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jìn bákan náà bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ wọ́n. Ayédèrú ni. N kò ní ná wọn rárá. Ìgbà náà ni mo rí i tí méje wọlé.

Ìyá, ibí yìí ni kí ìyàwó wa rọra kà. Mo ná àga náà. Mo fi méje tèmi sí i, kí ó lè mọ̀ pé èmi ni. Mo ní bóyá ojú yóò tì í, bóyá yóò pè mí. Méje tirẹ̀ tún gun orí tèmi. Ó mọ̀ pé èmi ni, ó sì gun orí mi. Mo bá ń tì í lọ, mo ń fi ọgọ́rùn-ún lé ọgọ́rùn-ún, méje lórí méje, títí ó fi dé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án sídì ó lé méje. Mo wá ká ọwọ́ gbera, mo fi í sílẹ̀ fún un. Mo ra kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín, mo jẹ ẹ́ tán, mo tún lá ọwọ́.

Ọjọ́ Ajé ló dé ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ti kó àga náà lọ bá Àtáà Kwei, ìyẹn sì ti sọ fún un pé kó lọ fi dáná. Ó pè mí ní ìkà lójú àwọn oníbàárà. Ó ní nígbà tí òun rí méje mi ni òun kò wo abẹ́ wọn dáadáa mọ́, pé mo mọ̀, mo sì jẹ́ kí òun rà á. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀. Mo wá bi í pé níbo ló ti rí irú owó bẹ́ẹ̀, torí mo mọ ohun tí ọṣẹ Lapaz lè bí. Ó ní owó páànù ni, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi pààrọ̀ òrùlé yín. Ó ní ẹ̀yin lẹ dá a padà sórí fóònù òun, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó dé ọwọ́ yín. Mo ní irọ́ ni, pé ẹ kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó wò mí lójú.

“Ìyá mọ̀.”

Mo wá rántí gbogbo ìgbà tí mo pè tí ẹ sọ pé àwọn kanlékanlé ń dúró de ìgbà tí òjò bá dá. Ẹ tún máa ń ṣàdúrà fún mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń ṣe àmín.

N kò ní purọ́ pé ọwọ́ mi mọ́. Èmi ni mo ti iye náà gòkè. Èmi ni mo fi ìbínú ká òrùlé yín, tí mo sì jẹ ẹja lé e. Tí omi bá ń jò sórí ẹní yín, tèmi wà nínú rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n Sìdíkátù jẹ́ àbúrò mi, mo lè bínú sí i kí n sì gbàgbé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ lè fún un lówó. Ẹ lè ní ó kéré sí mi, pé ìyà ti jẹ ẹ́. Tí ẹ bá ní kí n fún un, n ó fún un. Kí ló dé tó fi jẹ́ owó mi lẹ gbé fún un láti fi gba oúnjẹ mi, tí ẹ sì ń bi mí lórí fóònù pé ṣé ọjà ń lọ?

Páànù ń bọ̀. N kò fi owó ránṣẹ́ mọ́. Páànù gan-an ni, ìdì mẹ́rin, pẹ̀lú ìṣó rẹ̀, nínú ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ wá sí Ọ̀fà. Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù ni kí wọ́n gbà á. Ṣé ẹ rántí àga kan tí mo sọ fún yín, èyí tó ṣẹ́kù nínú méjì àkọ́kọ́, tí mo ní n ó gbé bọ̀ nígbà Iléyá torí orúnkún yín, kí ẹ yé jókòó sílẹ̀? Òun ni mo tà. Àga yín ló di páànù yín.

N kò ní bá Sìdíkátù wọ ọkọ̀ kan náà wálé ní Iléyá yìí, ẹ má fi ìyẹn bẹ̀ mí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún mi lórí fóònù bóyá ẹ mọ̀. N kò ní pariwo. N ó kàn gbọ́ ni.

Mo ṣì ń ná àga. Mo rí ọ̀kan lánàá, ojúlówó. N kò fi méje lé e. Mo ná an ní ẹgbẹ̀ta géérégé, mo dúró níbẹ̀ bí gbogbo ènìyàn, ó sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà àti oorun gbígbẹ. Kó fún Ẹ̀gbọ́n ní agbára láti gun òrùlé kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lágbà lọ́mọdé, ẹ sì bá mi kí àwọn mẹ́rin tí wọn kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ bá ṣì ń kà mí mọ́ àwọn méje,
Ráfátù.