Bàbá Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Áńjẹ̀lì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bantè níbí ni mo ti ń kọ̀wé yìí, inú mi sì ń dùn débi pé ọwọ́ mi ń sáré ju bírò lọ. Ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ kúkú mọ ibi tí ìwé mi dé.

Ohùn yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ṣàdúrà fún mi nílé yín ní Lougba, tí mo fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀? Orúkọ tí mo ní kí wọ́n fi pa á mọ́ ni Bàbá. Kí ni mo tún fẹ́ pè é? Fóònù yẹn ti gbó báyìí. Bátìrì rẹ̀ wú bí àkàrà, ó ń kú, ó ń jí. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ní Savalou. Iye tó pè, mo bi í bóyá fóònù tuntun ló fẹ́ fún mi. Mo gbé ẹrù mi, mo jáde. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀, torí láti ìgbà tí ẹ ti kú, kò sí ibòmíràn tí ohùn yín wà láyé yìí.

Áńjẹ̀lì, ọmọ-ọmọ yín tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Savalou, wálé lọ́jọ́ Sátidé. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgò, ó ń kọ ètò kan, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò náà á kó gbogbo ohùn inú fóònù mi àtijọ́, á kó ti inú tuntun tí mo ti rà tẹ̀ lé e, á dà wọ́n sójú kan náà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa tẹ̀ ẹ́, ó parí."

"Ó parí" yẹn ni kò wọ̀ mí létí. Ẹ mọ̀ mí.

Bàbá, ọkọ mi náà ní bàbá. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, kódà kó jẹ́ inú fóònù. Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn ìdílé wọn, tí mo gbà á sínú fóònù tuntun, Bàbá náà ni orúkọ tí mo fún un.

"Áńjẹ̀lì, Bàbá méjì ló wà o. Tí èkíní bá ti wọlé, tí èkejì dé, ibo ni yóò jókòó?"

Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí.

"Yéè, Màmá! Á jókòó lé èkíní lórí. Á pa á rẹ́."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ò ní í kọ́kọ́ wò bóyá ẹnì kan ti wà níbẹ̀ ni?"

"Tí mi ò bá ní kó wò, kò ní í wò."

"Irú ọmọ ọ̀dọ̀ wo nìyẹn! Gbogbo owó ilé ìwé yìí, wọn ò kọ́ ọ pé kó o wò kó o tó dà?"

"Wọ́n kọ́ mi. Mo gbàgbé ni. Ẹ má pariwo, àwọn ará ilé ń gbọ́."

Ẹ̀yin ni mo rántí. Kí ẹ tó da àgbàdo tuntun sínú àká, ẹ á gun àkàsọ̀, ẹ á ki orí bọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbá a mọ́ lánàá. A máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Kí lẹ tiẹ̀ máa ń wá níbẹ̀?

Áńjẹ̀lì fi ìlà díẹ̀ kún ètò rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wò bóyá fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti wà. Tí kò bá sí, kó gbé tuntun wọlé bó ṣe wà. Tó bá ti wà, kó má fọwọ́ kan ti tẹ́lẹ̀, kó fún èyí tó ń bọ̀ ní nọ́ńbà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la tan fóònù àtijọ́ kó tó jí. Áńjẹ̀lì tẹ̀ ẹ́. Mo di àga mú. Nígbà tó ṣe, mo rí i: Bàbá. Lábẹ́ rẹ̀: Bàbá 2. Mo jó débi pé àwọn adìyẹ sá. Bàbá ọkọ mi ni nọ́ńbà kejì bọ́ sí lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún wọn.

A wá tan ohùn yín. Ibi àmín ni mo máa ń pa á sí, torí ẹkún. Áńjẹ̀lì ò pa á. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí mo lọ di iṣu tí mo rà lọ́wọ́ yín mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù lọ́jọ́ yẹn, fóònù wà lórí àpótí, ó ṣì ń gbọ́? Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ yín tí oko yín jọ pààlà.

"Ọmọ rẹ nìyí, o sì ń bá a fa ọ̀rọ̀ iṣu láti àárọ̀! Kí ló dé tí o ò gba iye tó sọ?"

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín inú imú yẹn.

"Tí mo bá gbà kíákíá, alùpùpù ló máa gùn lọ. Tí mo bá kọ̀, á jókòó tì mí."

Bàbá! Láti ìgbà wo? Gbogbo ọdún tí mo ń padà sí Bantè tí mo ń yangàn pé mo gé owó iṣu yín lulẹ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ ń jèrè?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ẹ rẹ́ jẹ, tí inú rẹ̀ sì dùn sí i.