Bí Màámi Ṣe Ń Súfèé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́

Ara Àríkẹ́ ọmọ mi ti rọlẹ̀, àmọ́ àyà mi ṣì ń já. Gìrì mú un lójú mi láàárọ̀.

Dókítà ní, "Ìyá Àríkẹ́, ibà ló fa gìrì. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ká mọ ohun tó fa ibà." Àríkẹ́ kọ̀, kò tọ̀. Mo gbé ike sábẹ́ rẹ̀, mo ń súfèé, bí Màámi ṣe máa ń ṣe fún àbúrò mi létí gọ́tà ní Jákàńdè. A máa ń rẹ́rìn-ín tó bá tọ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀.

Àríkẹ́ tọ̀. Inú ìtọ̀ náà ni àrùn wà. Ó ti ń lo oògùn.

Àbúrò mi... gìrì ló mú un lọ. Àdí ni Màámi fi ra á lára. Wọ́n mọ ìfèé í sú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gba ìtọ̀ ọmọ wọn wá.