Ẹ̀bẹ̀ Lórí Toheebat, Ọmọ Tó Ń Padà Wá Mú Bàtà

Agbo-ilé Rájí,
Ìdí-Ọ̀sàn, lọ́nà Owódé,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2020.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ìlaròó,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ WỌ́N DÁ TOHEEBAT ṢÀÍBÙ PADÀ SÍ KÍLÁÀSÌ KẸTA, KÍ WỌ́N SÌ YỌ Ọ́ NÍNÚ Ẹ̀SÙN FÀYÀWỌ́

1. Èmi Mẹ̀dínátù, ìyàwó Ṣàíbù Rájí ọlọ́kadà, ni mo kọ ìwé yìí. Toheebat ni àbígbẹ̀yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìdí-Ọ̀sàn ló ń lọ, títí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi fagi lé orúkọ rẹ̀, tó ní kí n máa mú un lọ sílé. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń ṣe alamí fún àwọn onífàyàwọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

2. Dókítà kan ní Abẹ́òkúta ti yẹ ọmọ yìí wò, ó sì sọ fún wa pé ADHD ló ń ṣe é. Ó ní kì í ṣe orí kunkun, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ilé, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ọpọlọ rẹ̀ ni kì í dúró sójú kan. Bí a bá rán an níṣẹ́, kò ní tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ á ti bá nǹkan mìíràn lọ. Mo so ìwé dókítà náà mọ́ ẹ̀yìn èyí. Àwọn ará àdúgbò ti fún un lórúkọ tiwọn kí a tó rí dókítà, n kò sì ní kọ orúkọ náà síbí.

3. Ẹni tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìkan ló mọ ohun tí òwúrọ̀ jẹ́. Bí mo bá ní kó lọ wẹ̀, kó wọṣọ, kó mu ẹ̀kọ, kó gbé báàgì, agbọ̀n ni mo fi ń pọnmi. Màá bá a lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ lójú, tó ń wo èèrà. Mo ti pariwo, mo ti sunkún, mo sì ti nà án rí. Dókítà ló kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ kan ni kí a máa sọ lẹ́ẹ̀kan, kó parí rẹ̀ ká tó sọ òmíràn. Ó ní bó bá gbàgbé nǹkan, kí a má gbé e lé e lọ́wọ́. Kí òun fúnra rẹ̀ padà wá mú un, kó lè mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ la ṣe, ó sì ń yé e díẹ̀díẹ̀.

4. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni ọ̀kadà bàbá rẹ̀. Iwájú ló máa ń jókòó, lórí táǹkì. Atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i lójú, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, nígbà tó bá fi máa dé kíláàsì, ara rẹ̀ á ti balẹ̀. Tíṣà rẹ̀, Arábìnrin Lábísí Akínbọ̀wálé, lè jẹ́rìí sí èyí. Nígbà tí ìjọba ti bodè, tí wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo wá sí ilé epo tó wà nítòsí bodè mọ́, bàbá Toheebat ti ọ̀kadà wọ yàrá, ó sì wá iṣẹ́ lébìrà lọ sí Ṣàgámù. Èmi tí mo ń ná ọjà Àjàṣẹ́ ní òdìkejì bodè tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń lọ bó ẹ̀gẹ́ nílé gààrí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọmọ wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́.

5. Láàárín ilé wa àti ilé ẹ̀kọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà tó ń mú onífàyàwọ́ ti na igi dábùú títì. Ẹ̀yin náà mọ àṣà àwọn onífàyàwọ́ wa. Kí wọ́n tó gbé ìrẹsì jáde nínú igbó, wọ́n á rán ọmọdé síwájú, á kọjá lára òṣìṣẹ́, á wo iye tí wọ́n jẹ́, á sì padà lọ ròyìn. N kò ní purọ́ fún yín pé kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Toheebat á kọjá lára wọn, á rántí pé òun kò mú pẹ́ńsù, á sáré padà sílé. Á tún kọjá, á rántí bàtà, nítorí ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ jáde. Ohun tí a fi ń tọ́jú ọmọ náà gan-an ni wọ́n rí tí wọ́n pè ní iṣẹ́ alamí.

6. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, àwọn onífàyàwọ́ gba inú igbó sá mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́. Inú ń bí wọn. Bí Toheebat ṣe tún yọ, wọ́n dì í mú, wọ́n ní ta ló rán an níṣẹ́. Ó ní, "Màmá mi ni. Wọ́n ní bí mo bá ti gbàgbé, kí n padà wá." Wọ́n ní ṣé ó mọ iye àwọn. Ọmọ tí kò lè rántí bàtà ara rẹ̀ bá kà wọ́n lójú ara wọn: èyí tó ń wúkọ́, èyí tí okùn bàtà rẹ̀ kò jọra, èyí tó ń sùn nínú ọkọ̀. Bí orí rẹ̀ ti rí nìyẹn. Ohun tí a kò rán an ló máa ń rí. Wọ́n tì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, láàárín àpò ìrẹsì tí wọ́n gbà, títí di ìrun ọ̀sán. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti fi èékánná ha ilẹ̀kùn títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ọ̀gá wọn ní, "Ìyá, ẹ mú un lọ, ṣùgbọ́n ọmọ yín mọ̀ wá jù." Wọn kò nà án, n kò sì ní sọ pé wọ́n nà án.

7. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó Ọ̀gbẹ́ni Ọlájídé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, létí. Kò bi tíṣà rẹ̀, kò bi mí. Ó ní òun kò fẹ́ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ nínú ọgbà òun, pé ọmọ tó ń pẹ́ lójoojúmọ́ náà kúkú ni. Mo na ìwé dókítà sí i, kò gbà á. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Òsì nìkan ni ọmọ mi rí. Ó dùn mí, inú sì ń bí mi.

8. Mo bẹ̀ yín kí ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé kíláàsì. Mo bẹ̀ yín kí wọ́n má máa ti géètì mọ́ ọn bó bá pẹ́ díẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín kí ẹ kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà pé akẹ́kọ̀ọ́ yín ni ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, kò ka ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni.

9. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tì í mọ́nú ọkọ̀, ó ti ń jí ṣáájú mi. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé kó lọ wẹ̀. Á wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, á wọ bàtà méjèèjì, á gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á sì káwọ́ lé itan. Kì í gbàgbé nǹkan kan mọ́. Àwọn ará ilé ń bá mi yọ̀, wọ́n ní àdúrà ti gbà, irú òwúrọ̀ yìí náà ni mo sì ń bẹ Ọlọ́run fún tẹ́lẹ̀. Lánàá, mo yọ́ gbé bàtà rẹ̀ kan pamọ́, kó lè sáré wá a. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà. Kò dìde.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni tiyín tó ń retí èsì,

Mẹ̀dínátù Ṣàíbù Rájí (Ìyáàfin),
Ìyá Toheebat.