Ìmọ́lẹ̀ Tí Ẹ Há Mọ́ Àárín Dígí

Basirath ọmọ mi, èmi Sanoussi bàbá rẹ ni. Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí o ti wọ ilé-ìwé gíga ní Kútọnù: n kò mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Mo kàn ń mi orí ni. Ebè iṣu tí mo ní mò ń kọ, tí kò ní jẹ́ kí n wá síbi tí o ti máa ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ níwájú àwọn ọ̀gá, irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí wọ́n má baà fi faransé bi mí ní nǹkan, kí ojú tì ọ́. Ìwé tí mo kà ní Savalou kò dé ibẹ̀ yẹn.

Ṣé dáadáa lo wà? Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lójú títì, kó má jẹ́ kí oúnjẹ ìlú ńlá dà ọ́ nínú rú. Ìyá rẹ ń kí ọ, kajú ti ń so ní Lougba wa níbí.

Mo tún lẹ́tà rẹ kà. O ní ẹ máa ń há ìmọ́lẹ̀ mọ́ àárín dígí méjì tó kọjú síra, tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, tí ẹ bá wá fi aró sáàárín, wóró aró tí ojú ò lè rí á bá ìmọ́lẹ̀ dà pọ̀, ara wọn á sì máa yá lọ́nà tí kì í gbà yá níta. Mo ní kí n dán an wò. Mo gbé àgbébọ̀ adìẹ wa tí kò yé mọ́ sáàárín dígí méjèèjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi. Ara rẹ̀ yá lóòótọ́! Ó bá gbogbo adìẹ inú dígí jà, ó ya ẹ̀wù Moumouni oníbàárà mi, ẹyin kan kò sì jáde. Moumouni ní ṣé adìẹ ni mo wá ń rán ṣòkòtò fún báyìí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ. Kí o tó ga dé tábìlì mi, àárín dígí yẹn lo máa ń wà láàárọ̀, o máa kúnlẹ̀ kí gbogbo àwọn Basirath tó tò lọ lẹ́yìn ara wọn, wọ́n á kúnlẹ̀ kí ọ padà, o ò sì ní jẹun àfi tí mo bá bu tiwọn náà. Níta, ọmọ jẹ́jẹ́ ni ọ́. Láàárín dígí, ijó! Ó wá dà bíi pé mo ti ń rí iṣẹ́ rẹ tipẹ́. Àbí mo tún ṣì í gbọ́? Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá bi mí, èyí náà ni màá sọ.

Bẹ àwọn ọ̀gá rẹ kí wọ́n máa tú ìmọ́lẹ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń rẹ òun náà. Tí o bá ka ìwé yìí tán, fún mi lówó ọkọ̀ tí màá fi padà sílé, n kò lè fẹnu sọ ọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n fi ojú tí mo fi ń wò ọ́ wò ọ́. Pọ́ọ̀sì tó ń kó lẹ́tà ò yá tó láti bá ọjọ́ àlàyé rẹ, èmi fúnra mi ni màá gbé ìwé yìí wá: lọ́la, tí mo bá ti kírun àsùbá, màá gun ọ̀kadà lọ sí Savalou, màá wọ ọkọ̀ Kútọnù.